Ìdí Tí Bátìrì Rédíò Fi Ń Sùn Ní Orí Sí Ẹsẹ̀

Nígbà láéláé, kì í ṣe láéláé tí erin ń gbé láàrin ìlú o, láéláé tiwa yìí, nígbà tí rédíò ti dé ṣùgbọ́n tí kò tíì gbọ́n, gbogbo bátìrì ayé ló ń kọjú sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Inú tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń gbé. Wọ́n á tò tẹ̀lé ara wọn bí ọmọ iléèwé, àgbà níwájú, àbúrò lẹ́yìn, orí àbúrò ní ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n. Kò sí ìjà, kò sí asọ̀. Ẹni tó bá tan tọ́ọ̀ṣì, iná á tàn, ó parí.

Nígbà náà, àwọn nǹkan inú ilé máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àwa èèyàn ni etí wa kò gbọ́ ọ. Ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí ìsọkúsọ ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń sọ.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Jìnádù. Onígbàjámọ̀ ni. Kò ní ṣọ́ọ̀bù. Ilé onílé ló ń lọ fárí fún wọn, ọmọ tuntun, arúgbó, ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Á ki abẹ rẹ̀ bọ àpò, ó di ojúlé dé ojúlé. Ẹnu iṣẹ́ yìí náà ló ti ń kó àlòkù jọ. Bí rédíò ẹnì kan bá ti kú, tí wọ́n fẹ́ jù ú nù, Jìnádù á ní, "Ẹ má jù ú nù o, ẹ fún mi." Abẹ́ ibùsùn rẹ̀ kún dẹ́múdẹ́mú. Rédíò tí kò ní ẹ̀yìn wà níbẹ̀, ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì tí kò ní ìlẹ̀kùn wà níbẹ̀, wáyà oríṣiríṣi lọ́ mọ́ra wọn bí ìfun ẹran. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Mulíkà, kò rí ibi gbálẹ̀ mọ́.

"Bàbá Mulíkà, ṣé ilé la wà yìí ni, àbí ààtàn?"

"Ìwọ ṣáà máa wò mí níran. N ó fi gbogbo nǹkan wọ̀nyí kan ẹ̀rọ orin kan tí mo lè gbé lọ́wọ́ kiri. Bí mo bá ti ń fárí, orin á máa dún lọ́tùn-ún, á máa dún lósì. Ọmọ tuntun ò tún ní sunkún mọ́."

"Ọmọ tuntun tí wọ́n ń fi abẹ kàn lórí ni ò ní sunkún? Ẹ kú iṣẹ́ o."

Òótọ́ lobìnrin náà sọ. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́ tirẹ̀ nínú ilé yẹn?

Jìnádù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Pátákó àpótí ọṣẹ ló fi kan ara ẹ̀rọ náà. Irin ọwọ́ korobá ló fi ṣe ìgbámú. Ó yọ irin kan lára abùradà tó ti ya, ó fi ṣe eríà. Ó gé agolo mílíìkì wẹ́wẹ́, ó fi ṣe afárá tí agbára máa gbà kọjá láti ara bátìrì kan sí èkejì. Ó yọ́ òjé, ó fi lẹ àwọn wáyà mọ́ra. Ó jó ara rẹ̀ níka, ó sì ṣépè fún gbogbo ìran ẹni tó kọ́kọ́ rí òjé láyé. Lẹ́yìn náà ló gbẹ́ ihò ńlá méjì síwájú àpótí náà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì.

Sipíkà méjì ló fi sínú ihò náà. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò lóbìnrin ni wọ́n. Inú rédíò ńlá kan náà ni wọ́n ti wá, rédíò tí ilé wó lé lórí nígbà òjò. Ẹ̀gbọ́n ń jẹ́ Sipíkà Ńlá, àbúrò ń jẹ́ Sipíkà Kékeré. Láti ọjọ́ tí ilé ti wó lé wọn lórí ni wọn ò ti kọrin mọ́. Abẹ́ ibùsùn ni wọ́n wà, tí aláǹtakùn ń ta òwú lé wọn lójú.

"Ẹ̀gbọ́n mi," Sipíkà Kékeré béèrè nígbà tí wọ́n dè é mọ́ pátákó, "ṣé a tún máa kọrin báyìí?"

"A óò kọrin. Ṣáà na ara rẹ dáadáa, má jẹ̀ẹ́ kí bébà ojú rẹ ká kò."

Ó wá ku ohun tó máa fún wọn lágbára. Jìnádù ṣí tọ́ọ̀ṣì gígùn tó ní, ó yọ bátìrì mẹ́rin inú rẹ̀. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n: Dáwódù, Àjàní, Àkànní àti Àbíkẹ́yìn. Dáwódù ni àkọ́bí, ẹ sì mọ irú àkọ́bí tí mò ń wí, èyí tí kò ní nǹkan mìíràn láyé ju pé òun ni wọ́n kọ́kọ́ bí.

Ibí yìí gan-an lọ̀rọ̀ ti wọ́. Nínú tọ́ọ̀ṣì, ṣe ni wọ́n ń tò tẹ̀lé ara wọn. Nínú àpótí yìí, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n máa sùn, bí ọmọ mẹ́rin lórí ẹní kan. Báwo wá ni ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ṣe ń sùn lórí ẹní? Gbogbo orí á wà níbì kan náà ni. Ọmọ tó bá kọ ẹsẹ̀ sí orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìgbátí ni wọ́n máa fi jí i. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ Jìnádù, bẹ́ẹ̀ lòun náà ṣe tọ́ Mulíkà. Kò tilẹ̀ rò ó rárá. Ó tẹ́ àwọn bátìrì náà síbẹ̀, orí gbogbo wọn lókè, ẹsẹ̀ gbogbo wọn nísàlẹ̀. Ó dùn-ún wò.

"Èyí dáa," Dáwódù wí. "Ilé tó mọ àgbà nìyí."

Jìnádù fi kásẹ́ẹ̀tì sí i, ó tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ ò fọhùn. Ó tún un tẹ̀. Kẹ́kẹ́ pa.

Ìyá Mulíkà ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Bàbá Mulíkà, orin yẹn mà dùn o."

Inú bí Jìnádù. Ó yẹ ẹ̀rọ náà wò títí, kò rí nǹkan tó ṣe é. Ó wá sọ fún ara rẹ̀ pé, "Bátìrì kọ́. Àná ni wọ́n ṣì tan tọ́ọ̀ṣì. Ibi tí ohùn ń gbà jáde ni ohùn há sí. Àwọn sipíkà yìí ló kú." Ó na ìka sí àwọn méjèèjì bí ẹni tó ń bá ọmọ wí. "Ẹ gbọ́ o. Bí wọ́n bá pe ìrun alásárì tí ẹ ò tíì fọhùn, n óò fọ́ yín túútúú, n óò sì yọ òòfà ìdí yín fún àwọn ọmọ."

Àwọn ọmọ! Àwọn ọmọ àdúgbò ti gbọ́. Tí ẹ bá rán wọn lómi, wọn ò ní gbọ́, ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ báyìí, kò sí ibi tí wọ́n wà tí wọn ò ní gbọ́ ọ. Wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ti mú okùn dání, èyí tí wọ́n máa so mọ́ òòfà kí wọ́n lè máa wọ́ ọ nínú yanrìn, kí ìṣó àti irin wẹ́wẹ́ máa lẹ̀ mọ́ ọn.

"Bàbá Mulíkà, ṣé ẹ ti fọ́ ọ?"

"Ẹ jókòó síbẹ̀!"

"Ṣé ẹ ti fẹ́ fọ́ ọ báyìí?"

Sipíkà Kékeré ké sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n máa pa wá."

"Wọn ò ní pa wá. Dákẹ́, jẹ́ kí n wádìí." Sipíkà Ńlá pe Wáyà. Wáyà yìí ni ìránṣẹ́ àárín wọn, òun ló ń gba agbára lọ́wọ́ àwọn bátìrì wá fún sipíkà. Tín-ín-rín báyìí ni, kò sì ní sùúrù kankan.

"Ìyá, ẹ má wulẹ̀ pè mí," Wáyà dáhùn. "Kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Àtàárọ̀ ni mo ti dúró sẹ́nu ọ̀nà àwọn mẹ́rin yẹn, wọn ò gbé nǹkan kan fún mi."

"Kí ló ń ṣe wọ́n?"

"Ọ̀wọ̀ ló ń ṣe wọ́n!"

"Irú ọ̀wọ̀ wo?"

"Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ fún yín. Agbára máa ń gba ẹsẹ̀ wọ ara bátìrì, á sì gba orí jáde. Nínú tọ́ọ̀ṣì, kò sí wàhálà, orí ẹnì kan ń kan ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Níbí, Dáwódù gbé agbára jáde lórí, ó gba afárá agolo kọjá, orí Àjàní ló lọ pàdé. Orí Àjàní náà ń ti tirẹ̀ bọ̀. Wọ́n wá kanra mọ́ra níbẹ̀, wọ́n ń tira wọn bí àgbò. Àkànní àti Àbíkẹ́yìn náà ń ṣe bákan náà. Àfi kí àwọn kan dorí kodò láàrin wọn. Ẹnì kan lókè, ẹnì kan nísàlẹ̀, tán."

"Kò ju ìyẹn lọ?"

"Kò jù ú lọ, Ìyá. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn."

Sipíkà Ńlá gbóhùn sókè, ó pe àwọn bátìrì. "Dáwódù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú wa. Ẹ ní kí Àjàní dorí kodò, kí Àbíkẹ́yìn náà ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n fẹ́ fọ́ èmi àti àbúrò mi."

"Kí Àjàní dorí kodò?" Dáwódù ní. "Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wá wà níbo? Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi? Orí èmi Dáwódù? Èèwọ̀!"

"Ó dáa, ẹ̀yin fúnra yín, ẹ dorí kodò."

"Kí orí mi wá wà lẹ́sẹ̀ Àjàní? Kí n máa gbóòórùn ẹsẹ̀ ọmọ tí wọ́n bí lójú mi? Ìyá, ẹ̀gbọ́n lẹ̀yin náà. Ṣé ẹ̀yin lè ṣe irú ẹ̀ fún àbúrò yín?"

"Mo lè ṣe é títí ayé!"

"Ìyẹn tiyín nìyẹn," Dáwódù wí.

Sipíkà Ńlá yíjú sí Àjàní. "Àjàní, ìwọ ṣe é. Má dúró dè é."

"Ìyá, kí n ṣe é láìjẹ́ pé ẹ̀gbọ́n mi ní kí n ṣe é? Wọ́n á ní n ò lẹ́kọ̀ọ́."

"Àkànní ńkọ́?"

"Èmi ò sí níbẹ̀ o. Ohun tí ará yòókù bá ṣe ni n óò ṣe."

"Àbíkẹ́yìn, ọmọ dáadáa."

Àbíkẹ́yìn bú jáde. "Èmi! Èmi náà ni! Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń rán mi. Èmi ni mo máa ń gbẹ̀yìn nínú tọ́ọ̀ṣì, èmi ni ìdérí máa ń há mọ́ lẹ́sẹ̀. Lónìí, n ò ṣe. Kí àwọn àgbà kọ́kọ́ ṣe tiwọn ná."

Ẹ wò ó, inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Àwọn kan fẹ́ kú, àwọn kan jókòó, wọ́n ń jà nítorí ẹsẹ̀. Kí tilẹ̀ ni bátìrì ń fẹsẹ̀ ṣe? Ṣé ó rìn rí ni?

Ní gbogbo àkókò yìí, Jìnádù kò jókòó. Ó yọ àwọn bátìrì náà, ó sá wọn sóòrùn lórí páànù kan, bí gbogbo wa ti ń ṣe. Ó fi eyín gé wọn lára, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Dáwódù pàápàá jẹ eyín. Ẹ ò gbọ́ ariwo rẹ̀!

Bí wọ́n ṣe wà lórí páànù yẹn, tí oòrùn ń pa wọ́n, Sipíkà Ńlá tún ń ké sí wọn láti inú àpótí. "Ẹ kúkú sọ̀rọ̀ náà yanjú níbi tí ẹ wà yẹn. Bí wọ́n bá kó yín padà, kí àwọn kan dorí kodò. Mo bẹ̀ yín."

Ara Dáwódù ti gbóná, orí rẹ̀ sì ti rọ̀ díẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. N óò gbà kí Àjàní kọ ẹsẹ̀ sí mi. Ṣùgbọ́n kí gbogbo yín kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún mi, kí ó lè hàn gbangba pé èmi ni àgbà."

"A ti dọ̀bálẹ̀," Àjàní wí.

"Ìdọ̀bálẹ̀ wo nìyẹn? Ṣe lẹ sùn."

"Kí la tún fẹ́ ṣe? Báyìí la ṣe máa ń wà."

"Ìdọ̀bálẹ̀ ní bó ṣe ń rí. Ìsùn ní bó ṣe ń rí. Ẹ má fi mí ṣe ẹlẹ́yà."

Níbi tí wọ́n ti ń jiyàn ìdọ̀bálẹ̀ àti ìsùn ni Jìnádù ti wá kó wọn, tó tún tẹ́ wọn sínú àpótí, orí gbogbo wọn lókè, ẹsẹ̀ gbogbo wọn nísàlẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnnì. Kò sí nǹkan kan. Ó gbá àpótí náà létí, gbàù! Kò sí nǹkan kan síbẹ̀.

Wọ́n pe ìrun.

Jìnádù yìí, láti ọjọ́ tó ti fẹ́ Ìyá Mulíkà, kò mú ìlérí kan ṣẹ rí. Ó ní òun máa tún òrùlé ṣe, kò tún un ṣe. Ó ní òun máa ra aṣọ, kò rà á. Èyí tó yẹ kó gbàgbé ló wá rántí. Ó mú síkíróò dírẹ́bà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú Sipíkà Kékeré nítorí pé òun ló rọrùn láti tú.

"Ẹ̀gbọ́n mi!" Sipíkà Kékeré ké. "Ẹ̀gbọ́n mi o!"

"Dáwódù!" Sipíkà Ńlá ké. "Mo fi ìyá tó bí ọ bẹ̀ ọ́! Dáwódù!"

"Ẹ ní sùúrù," Dáwódù wí. "Ẹ fún mi láàyè kí n rò ó."

Ó ń rò ó lọ́wọ́ nígbà tí Jìnádù fi òkúta lu Sipíkà Kékeré. Ó fọ́.

Àwọn ọmọ hó yèè. Wọ́n gba òòfà, wọ́n so okùn mọ́ ọn, eré ló kù tí wọ́n ń sá lọ sójú títì. Bébà ojú Sipíkà Kékeré bọ́ sílẹ̀. Adìyẹ kan fẹnu ṣá a, kò rí ohun jẹ níbẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìyá Mulíkà fi ìgbálẹ̀ gbá a mọ́ èèpo ẹ̀wà.

Nínú àpótí, ìmọ́lẹ̀ ń gba ihò òsì wọlé báyìí, nítorí kò sí ẹni tó dí i mọ́. Dáwódù rí ìmọ́lẹ̀ náà lára ara rẹ̀. Ó béèrè pé, "Àbí wọ́n fọ́ ọ lóòótọ́ ni?"

"Kí lẹ rò pé wọ́n ń bá a ṣe níta?" Wáyà fèsì. "Wọ́n ń fún un lóúnjẹ?"

Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ Jìnádù tó ń bọ̀ wá mú èkejì.

Síkíróò Sipíkà Ńlá le ju ti àbúrò rẹ̀ lọ. Jìnádù gbé àpótí náà sókè, ó dojú rẹ̀ dé, ó mì í jìgìjìgì kí síkíróò náà lè dẹ̀. Gbogbo ohun inú rẹ̀ mì, afárá agolo tú ọwọ́ díẹ̀ lára àwọn bátìrì. Àsìkò yẹn ni Dáwódù yí. Kò rò ó mọ́. Ó dorí kodò, ó gbé orí rẹ̀ lé ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ Àjàní, ó di ojú. Kò ní kí ẹnikẹ́ni dọ̀bálẹ̀ fún òun. Ojú tì í ju kó sọ̀rọ̀ lọ. Àkànní tó ní ohun tí ará yòókù bá ṣe ni òun máa ṣe, òun náà yí.

Ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Agbára kọjá. Wáyà gbà á, ó sáré.

Orin bú jáde nínú àpótí náà. Síkíróò dírẹ́bà bọ́ lọ́wọ́ Jìnádù. "Ọlọ́hun Ọba!" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó yípo àgbàlá. "Mo wí bẹ́ẹ̀! Ìyá Mulíkà, mo wí bẹ́ẹ̀! Sipíkà kékeré yẹn ló ń dí i lọ́wọ́!"

Ẹ gbọ́ ohun tó sọ o. Ẹ bá mi gbọ́ ọ. Orí mi fẹ́ fọ́.

Ìyá Mulíkà gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó wá wo ẹ̀yìn àpótí náà. "Bàbá Mulíkà, àwọn bátìrì yín ti dorí kodò."

"Ta ló dà wọ́n rú?" Jìnádù béèrè, ó sì tún wọn tò, orí gbogbo wọn lókè. Orin dákẹ́. Ó dúró. Ó yí méjì padà, orin tún bẹ̀rẹ̀. Ó tún wọn tò, orin dákẹ́. Ó yí wọn, orin bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Mulíkà ń wò ó. "Ṣé sipíkà tí ẹ fọ́ yẹn kò wá ṣe nǹkan kan ni?"

Jìnádù wo ìdí ìgbálẹ̀ níbi tí bébà náà wà láàrin èèpo ẹ̀wà, ó wo ihò tó ṣófo, ó sì jókòó sílẹ̀. Kò jó mọ́.

Orin tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn, orin ẹni méjì ni. Ọ̀kan á lé e lọ́tùn-ún, èkejì á gbè é lósì. Sipíkà Ńlá lé e lọ́tùn-ún. Ó dúró kí wọ́n gbè é. Kò sí ẹni tó gbè é. Ó tún lé e, ó tún dúró. Bó ṣe kọ ọ́ títí tí orin náà fi tán nìyẹn.

Nígbà tí orin tán, ó bá àwọn bátìrì sọ̀rọ̀. Kò pariwo. Ó ní, "Àbúrò mi kú nítorí ibi tí orí yín yóò wà. Mo gbọ́. Ẹ wá gbọ́ tèmi náà. Ọjọ́ tí ẹ bá tún to orí pọ̀ síbì kan náà nínú ilé tí mo wà, n ò ní kọrin fún yín. Ẹ lè gbé mi sóòrùn, ẹ lè gbá mi létí, n ò ní kọrin. Ìran mi kò sì ní kọrin fún ìran yín."

"A gbọ́, Ìyá," Dáwódù dáhùn láti ìsàlẹ̀, lẹ́sẹ̀ àbúrò rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni bátìrì inú rédíò ti ń sùn ní orí sí ẹsẹ̀, orí sí ẹsẹ̀, tí kò sì sí ẹni tó lè wò wọ́n kó mọ èwo ni àgbà nínú wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì tò wọ́n tí orí gbogbo wọn wà níbì kan náà, sipíkà á dákẹ́. Kò bàjẹ́, kò kú. Ó yàn wọ́n lódì ni, nítorí àbúrò rẹ̀.